Owó Ọkọ̀ Tí A Ń Jẹ Mọ́ Oúnjẹ: Àkíyèsí Ọlọ́jà Kan ní Nimbo

Láti ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ìgbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù láti Èjìgbò tí ọ̀rọ̀ ọjà kì í wọ inú rẹ̀. Àbúrò mi á ní gàárì ti gbówó lórí. Ìyá wa á ní tòmátì ti di ohun tí a ń kà lẹ́yọ lẹ́yọ sínú ata. Bí mo bá béèrè ohun tí ó fà á, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn ń fọ̀: "Owó ọkọ̀ ni." Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tíì pé. Àpò tí ọwọ́ púpọ̀ ń wọ̀ ni owó ọkọ̀ jẹ́. Bí a kò bá mọ ọwọ́ àwọn tí ń wọ inú àpò náà, a kò ní mọ ẹni tí ó yẹ kí a bi léèrè nígbà tí ìkòkò ọbẹ̀ bá gbẹ.

Nimbo ni mo ń gbé, àdúgbò kan nínú ìlú Bouaké ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní Ivory Coast. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni kò gbọ́ orúkọ Bouaké rí títí di ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí Super Eagles fi gbá-n-sílé ṣẹ́gun South Africa ní pápá ìṣeré Stade de la Paix, tí wọ́n sì gba ibẹ̀ kọjá sí àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwa ọmọ Yorùbá ti mọ ọ̀nà ibí. Anango ni àwọn onílé ń pè wá, iṣẹ́ tí wọ́n sì mọ̀ wá mọ́ ni òwò. Ìṣọ̀ kékeré ni mo ní: iyọ̀, ọṣẹ, ìrẹsì, tòmátì inú agolo, súgà, bisikíìtì àwọn ọmọdé. Abidjan, nínú ọjà Adjamé, ni mo ti ń ra púpọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ sì jìnnà sí mi tó bí 350 kìlómítà. Nítorí náà, mo jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ń san owó ọkọ̀, mo sì tún jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ń bù ú lé àwọn ẹlòmíràn lórí. Ipò méjèèjì yìí ni ó jẹ́ kí n fẹ́ sọ̀rọ̀.

Kò sí ìlú tí ó dára ju Bouaké lọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọ̀nà. Ìlú ìkóríta ni. Ojú irin tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ láti Abidjan ní ọdún 1904 dé ibí ní 1912, ó sì tẹ̀ síwájú títí ó fi dé Ouagadougou ní 1954. Láti ìgbà náà ni ẹrù Burkina Faso àti ti Mali ti ń gba ibí kọjá sí etíkun. Ní 1998 ni wọ́n ṣí ọjà ńlá tí àwọn oníṣòwò ti ń ra oúnjẹ lódindi ọkọ̀, níbi tí iṣu àwọn Baoulé ti ń pàdé àlùbọ́sà tí ó ti òkè ọya wá. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sí àkókò yìí, ìlú yìí ti rí ọ̀nà tí ó ṣí, ọ̀nà tí ogun dí, àti ọ̀nà tuntun tí ó ń dán bíi dígí. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni iye owó ọjà sì sọ ìtàn tirẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Àpẹẹrẹ lásán ni, kí ó lè hàn sí wa bí owó ọkọ̀ ṣe ń wọ inú ọbẹ̀. Kí a sọ pé oníṣòwò kan ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì 100, tí ó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 20,000 CFA, tí ó sì háyà ọkọ̀ ní 200,000. Owó ọkọ̀ tí ó gun orí apẹ̀rẹ̀ kan jẹ́ 2,000. Bí aláròóbọ̀ bá pín apẹ̀rẹ̀ náà sí òkìtì 40 lórí àtẹ, 50 CFA ni owó ọkọ̀ tí ó wà nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan. Èyí kò pọ̀ jù. Wàyí o, kí a sọ pé wọ́n dá ọkọ̀ náà dúró lójú ọ̀nà níbi mélòó kan, tí àpapọ̀ ohun tí awakọ̀ fi sílẹ̀ fún àwọn tí ń dá a dúró jẹ́ 40,000. Owó ọkọ̀ inú òkìtì kan di 60. Ìyẹn náà ṣì ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n bí ìdádúró yẹn bá gba odindi ọjọ́ kan lábẹ́ oòrùn, tí apẹ̀rẹ̀ 10 sì jẹrà, apẹ̀rẹ̀ 90 tí ó kù ni yóò ru owó ọkọ̀ gbogbo wọn, tí yóò sì tún ru 200,000 tí a fi ra èyí tí ó bàjẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹrù tí ó wà lórí òkìtì kan ti kúrò ní 50, ó ti lé ní 120.

Ohun tí ìṣirò yìí ń fi hàn wá ni pé rìbá tí gbogbo ayé ń pariwo lé lórí kọ́ ni ó wọ́n jù nínú rẹ̀. Àkókò tí ó ṣòfò ni ó wọ́n jù. Ẹni tí ó gba 1,000 lọ́wọ́ awakọ̀ lè rò pé 1,000 péré ni òun mú. Kò mọ̀ pé wákàtí mẹ́ta tí òun fi gba 1,000 náà ti ba ọjà jẹ́ ní ìlọ́po mélòó kan iye tí ó wọ àpò òun. Owó tí ó bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ kéré, àdánù tí ó dá sílẹ̀ kò sì wọ àpò ẹnikẹ́ni. Ó kàn run sínú afẹ́fẹ́ ni, àwọn tí ń ra tòmátì ni ó sì ń san án.

Ohun kejì tí mo ti kíyè sí ni pé gbogbo ọjà kọ́ ni owó ọkọ̀ ń bá jà lọ́nà kan náà. Fóònù tí ó tó 100,000 CFA kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹgbẹ̀rún fóònù lè wọ inú ọkọ̀ kékeré kan, owó ọkọ̀ tí ó sì máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní tó ohun tí a ń sọ. Ṣùgbọ́n iṣu, ẹ̀gẹ́, èédú, iyọ̀ àti omi wúwo, owó wọn kò sì pọ̀. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, owó ọkọ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí àgbẹ̀ gbà fún ọjà náà fúnra rẹ̀. Irú ọjà yìí gan-an ni tálákà ń fi owó rẹ̀ rà lójoojúmọ́. Olówó ń ra ohun tí ó fúyẹ́ tí ó sì wọ́n. Mẹ̀kúnnù ń ra ohun tí ó wúwo tí kò sì wọ́n. Nígbà tí ọ̀nà bá bàjẹ́ tàbí tí epo bá gbówó lórí, orí mẹ̀kúnnù ni ẹrù náà ń já lé. Owó orí ni owó ọkọ̀, tí kò ní ìwé ẹ̀rí, tí ó sì ń gba púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ju lọ́wọ́ ẹni tí ó ní.

Ẹ̀kẹta, iye owó ọjà kì í rìn ní ìgbésẹ̀ kékeré. Ní Nimbo níbí, owó ẹyọ 5 àti 10 ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi. 25 ni a fi ń ṣe ṣéńjì. Bí owó ọkọ̀ bá fi 8 CFA kún ọṣẹ kan, n kò lè fi 8 kún un. Mo lè fi ara mọ́ àdánù náà, tàbí kí n fi 25 kún un. Àwọn màmá tí ń ta attiéké àti tòmátì ní ọgbọ́n mìíràn: wọn kì í fọwọ́ kan iye owó rárá, ìwọ̀n ni wọ́n ń dín kù. Òkìtì 100 ṣì ń jẹ́ òkìtì 100, ṣùgbọ́n tòmátì mẹ́fà ti di mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ń fi ìwé ka iye owó lè wí pé nǹkan kò yí padà. Ìyàwó ilé tí ó gbé ìkòkò kaná mọ̀ pé ó ti yí padà. Ní Nàìjíríà, níbi tí a kò ti fi owó ẹyọ ná ọjà mọ́, ìgbésẹ̀ náà tóbi ju ti ibí lọ: 50 náírà tàbí 100 ni ó ń fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, Bouaké sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n padà ń pe ara wọn ní Forces Nouvelles. Orílẹ̀-èdè pín sí méjì. Tiébissou ni ìlú tí àwọn ọmọ ogun ìjọba ti ń ṣọ́ ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá kọjá ibẹ̀, yóò tún bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní Djébonoua. Àwọn àgbà Anango tí wọ́n wà níbí nígbà náà ròyìn rẹ̀ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹrù kan náà ń san owó: lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n wọ aṣọ ìjọba, àti lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń bá ìjọba jà. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ dá ilé ìgbowó tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní La Centrale, ọkọ̀ ẹrù sì wà lára ohun tí wọ́n ń gba owó lé lórí. Rélùwé dúró fún bí ọdún kan. Àwọn oníṣòwò Mali àti Burkina kó ẹrù wọn lọ sí èbúté Tema, Lomé àti Kutọnu. Àdéhùn Ouagadougou tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2007 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà.

Yorùbá mọ irú ìtàn yìí láti ìgbà àwọn baba ńlá wa. Oníbodè kò ṣàjèjì sí wa. Ìlú tí ó lágbára ń fi oníbodè sí ẹnu ibodè, alájàpá tí ó bá ń kọjá á san owó, á wọlé, ìlú á sì dáàbò bò ó. Ohun tí ó ba ti Bouaké jẹ́ ni pé oníbodè pọ̀, ààbò kò sí. Ẹ má sì rò pé ogun nìkan ni ó lè fa irú rẹ̀. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù ti Àríwá kọ̀ láti jẹ́ kí oúnjẹ wọ Gúúsù, ọkọ̀ sì tò sí Jẹ́bà. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni, síbẹ̀ ata, tòmátì àti àlùbọ́sà gbé owó sórí kíákíá ní Èkó àti Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá mú ọ̀nà dání ti mú ìkòkò ọbẹ̀ dání.

Nísinsìnyí, ọ̀nà Bouaké ti ṣí. Ní 2013 ni wọ́n ṣí òpópónà ńlá tí ó ti Abidjan dé Yamoussoukro. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fà á dé Tiébissou, wọ́n sì ń fà á bọ̀ títí ó fi kàn wá lára. Àwọn ibi tí a ti ń san owó orí títì wà, bíi Attinguié àti Singrobo, ṣùgbọ́n wọ́n ń fún ènìyàn ní ìwé, títì náà sì dára. Epo níbí kì í fò bíi ti Nàìjíríà: ìjọba ni ó ń kéde iye rẹ̀ lóṣooṣù, lítà dísẹ́lì sì jẹ́ 715 CFA ní ọdún 2024. Ọ̀nà tí ó gba odindi ọjọ́ nígbà kan ti kúrú. Èmi náà yọ̀. Mo dúró de ọjọ́ tí ẹni tí ń bá mi kó ẹrù yóò dín owó rẹ̀ kù.

Ọjọ́ náà kò dé. Nígbà tí mo bi í, ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé táyà ti gbówó lórí, pé owó orí títì wà níbẹ̀, pé bí òun bá sì já ẹrù ní Bouaké, òun lè dúró ní ọjọ́ mẹ́ta kí nọ́ńbà òun tó kàn láti gbé ẹrù padà, tàbí kí òun padà lófìfo. Mo gbà á gbọ́. Ọkọ̀ tí ó bá padà lófìfo ti gba owó àbọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó háyà rẹ̀ ní àlọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sá lọ bá tí yóò gba iye tí ó dín.

Ní ọdún 2009, Báńkì Àgbáyé tẹ ìwádìí kan jáde tí Supee Teravaninthorn àti Gaël Raballand ṣe lórí owó ìkẹ́rù ní Áfíríkà. Wọ́n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí a máa ń lọ̀ pọ̀: iye tí ó ń ná ọlọ́kọ̀ láti gbé ẹrù, àti iye tí ọlọ́kọ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́rù. Ohun tí wọ́n rí ni pé ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń pín ẹrù fún ọkọ̀ ní títò-sẹ́yìn-ara-wọn tí ìdíje kò sì tó, títún ọ̀nà ṣe nìkan kò ní mú kí owó ìkẹ́rù wálẹ̀. Ìnáwó ọlọ́kọ̀ á dín kù, èrè rẹ̀ á pọ̀ sí i, ẹlẹ́rù á sì máa san iye àná. Nígbà tí mo ka èyí, ó dà bí ẹni pé ìṣọ̀ mi ní Nimbo ni wọ́n wá jókòó sí.

Ibi tí mo ń darí ọ̀rọ̀ mi sí nìyí, ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà ẹlẹgbẹ́ mi. Láti 2023 ni a ti ń jiyàn lórí epo nìkan, bí ẹni pé epo ni ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Epo ṣe pàtàkì, èmi kì í ṣe ẹni tí yóò sọ pé kò ṣe pàtàkì: bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ṣáájú ìbúra Ààrẹ ti di 617 ní oṣù Keje ọdún náà, ó sì ti sún mọ́ 1,000 tàbí kí ó lé ní bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ṣùgbọ́n dísẹ́lì ni tírélà tí ń gbé tòmátì láti Kánò ń lò, ó sì ti pẹ́ kí 2023 tó dé tí ìjọba ti yọ ọwọ́ nínú iye dísẹ́lì. Ó ti fò sókè ní 2022 nígbà tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀. Ibi tí bẹntiróòlù ti ń jẹ wá níyà jù ni apá ìkẹyìn ìrìn àjò: bọ́ọ̀sì kékeré, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà tí ń gbé apẹ̀rẹ̀ kan tàbí méjì kúrò ní Mile 12 tàbí Bódìjà lọ sí ọjà àdúgbò. Ibẹ̀ ni aláròóbọ̀ wà, obìnrin tí kò lówó tó láti ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí pé díẹ̀ díẹ̀ ni ó ń rà, òun ni ó ń san owó ọkọ̀ tí ó wọ́n jù lórí ẹyọ kan. Ìlànà èyíkéyìí tí kò bá dé ọ̀dọ̀ obìnrin yìí kò tíì dé ọjà.

Bákan náà ni ti ẹnubodè. Ìjọba wa ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa fún ẹrù láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Àwọn kan ní ó ran àgbẹ̀ ìrẹsì lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi iyàn náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ohun tí àwa tí a wà lẹ́yìn odi mọ̀ ni pé ọjà tí kò rí ẹnubodè gbà ń wá ipa ọ̀nà inú igbó, ipa ọ̀nà inú igbó sì wọ́n. Ní Yamoussoukro, tí kò ju bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ sí ibi tí mo jókòó sí, ni orílẹ̀-èdè márùn-ún ti fọwọ́ sí àdéhùn òpópónà Abidjan sí Èkó ní ọdún 2014. Yóò gùn tó bí 1,000 kìlómítà. Mo gbàdúrà kí wọ́n parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá parí rẹ̀ tí wọ́n sì to àwọn adánidúró sí orí rẹ̀ bíi ti ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, títì tí ó dán ni a óò ní, oúnjẹ wa kò ní dínwó.

Àkókò ìbò tún ń bọ̀ ní Nàìjíríà ní 2027. Gbogbo olùdíje ni yóò wá sọ pé òun yóò mú kí oúnjẹ dínwó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: láti Jẹ́bà dé Bódìjà, ibi mélòó ni a ti ń dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró, àṣẹ ta ni ó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ta sì ni yóò kó wọn kúrò? Rélùwé Èkó sí Ìbàdàn ti ń gbé èrò láti 2021; apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ mélòó ni ó ń gbé? Ta ni ó ń pinnu ẹni tí yóò gbé ẹrù ní gáréèjì, kí sì ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọlọ́kọ̀ tí ó bá fẹ́ gba iye tí ó dín? Kí ni tírélà tí ó já tòmátì ní Mile 12 ń rí gbé padà sí Kánò? Ibo ni ilé títutù wà tí tòmátì lè sùn sí bí ọkọ̀ bá pẹ́ dé?

Olùdíje tí ó bá lè dáhùn méjì péré nínú ìbéèrè wọ̀nyí pẹ̀lú iye àti déètì ti mọ ọ̀nà ọjà. Èyí tí ó bá ní kí a fi sílẹ̀ fún òun, pé òun yóò ṣe títì, ẹ rán an létí pé títì dára lọ́dọ̀ wa ní Bouaké, owó tí mo ń san lórí páálí ọṣẹ kan láti Adjamé kò sì tíì yẹ̀ kúrò níbi tí ó wà.